Orí Keje: Ọ̀gá Tó Ń Kọ́ni Níṣẹ́

Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ télọ̀, rẹ́wáyà tàbí mẹkáníìkì ní Okokomaiko tàbí Ìbà, ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn òbí rẹ̀ àti ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ á kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n á fẹnu kò lórí iye ọdún tí yóò lò, wọ́n á sọ owó tí wọn yóò san àti ìgbà tí wọn yóò san án, onídùúró á sì fọwọ́ sí ìwé. Ohun kan wà nínú àdéhùn yẹn tí gbogbo wọn mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé rẹ̀: ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò gba frídọ̀mù, tí ọ̀gá rẹ̀ yóò dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti jẹ́rìí pé ẹni yìí ti mọ iṣẹ́. Bí ọmọ bá lo ọdún mẹ́ta tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, ojú ọ̀gá ni yóò tì ju ojú ọmọ lọ.

Ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì ìjọba, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òṣìṣẹ́ tuntun á gba lẹ́tà tó sọ iye owó oṣù rẹ̀, iye ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ dá a dúró. Ó ṣòro kí ènìyàn rí gbólóhùn kan nínú lẹ́tà náà tó sọ ẹni tí yóò kọ́ ọ, tàbí ohun tó yẹ kó ti mọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Àlàfo yìí ni orí yìí dá lé. Èrò wa ni pé alábòójútó á di olùtọ́sọ́nà lọ́jọ́ tó bá gbà pé ohun tí àwọn tó wà lábẹ́ òun lè ṣe nígbà tí òun kò sí níbẹ̀ ni ìwọ̀n iṣẹ́ òun.

Nígbà tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àbójútó àti ìtọ́sọ́nà, kí o lè sọ ohun tí ilé iṣẹ́ òde òní lè mú lára ètò ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ wa àti ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí o sì lè ṣètò bí ìwọ fúnra rẹ yóò ṣe kọ́ ẹnì kan ní iṣẹ́ kan.

Àbójútó àti ìtọ́sọ́nà

Alábòójútó ni ẹni tí ilé iṣẹ́ fi sípò láti rí i pé iṣẹ́ ń lọ. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló ń jíhìn fún àwọn tó wà lókè rẹ̀. Olùtọ́sọ́nà ń fi ohun mìíràn kún un: ó ń wo ibi tí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lè dé, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ kó lè débẹ̀. Ènìyàn lè jẹ́ alábòójútó fún ogún ọdún, kí iṣẹ́ má bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, síbẹ̀ kí ó má sí ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun ti mọ nǹkan.

Kathy Kram, onímọ̀ nípa ìbáṣepọ̀ níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó jáde ní 1985, Mentoring at Work, tí àwọn olùwádìí ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ó pín iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní jẹ mọ́ ìgbéga: olùtọ́sọ́nà ń fún ọmọ iṣẹ́ ní iṣẹ́ tó le díẹ̀ ju ohun tó ti ń ṣe lọ, ó ń dárúkọ rẹ̀ sí rere níbi tí àwọn àgbà iṣẹ́ wà, ó sì ń dúró níwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀bi tí kò tọ́ sí i bá fẹ́ já lé e lórí. Ọ̀nà kejì jẹ mọ́ ọkàn: ó ń jẹ́ àwòkọ́ṣe, ó ń gba ọmọ náà bó ṣe rí, ó sì ń fetí sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá wa mọ ọ̀nà kejì dáadáa. Wọ́n á bá òṣìṣẹ́ sìnkú, wọ́n á bá a sọmọ lórúkọ, wọ́n á dá owó fún un nígbà àìsàn. Ọ̀nà kìíní ló ń di gbèsè lọ́rùn wọn, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn bí ọmọ kò ní mọ ju ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ tó dé lọ.

Ilé iṣẹ́ Google bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2008 láti mọ ohun tó mú kí àwọn máníjà wọn kan dára ju àwọn yòókù lọ. Ilé iṣẹ́ tó kún fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ẹnikẹ́ni á rò pé ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà jù ni yóò gba ipò kìíní. Ohun tó wà lókè pátápátá nínú àbájáde wọn ni kí ọ̀gá jẹ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà.

Ìṣòro kan wà tí àwọn ìwé kan máa ń fò dá. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi náà ni yóò kọ ìròyìn nípa mi lópin ọdún. Ṣé mo lè jẹ́wọ́ fún ẹni tó lè dí ìgbéga mi lọ́wọ́ pé n kò mọ nǹkan kan? Ó ṣòro. Èrò mi lórí èyí ni kí alábòójútó ya àkókò méjèèjì sọ́tọ̀ gedegbe: ọjọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, kò sí ìwé ìgbéléwọ̀n lórí tábìlì, ọjọ́ ìgbéléwọ̀n, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ tí a ó fi dá a lẹ́bi. Ó tún dára kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àgbà mìíràn, láti ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn, tó lè sá lọ bá.

Ohun tí ṣọ́ọ̀bù mọ̀ tí ọ́fíìsì gbàgbé

Láàárín 1973 sí 1978, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Jean Lave, ń lọ bá àwọn télọ̀ ọmọ Vai àti Gola ní Monrovia, olú ìlú Liberia, láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí télọ̀ kankan ní Ọ̀jọ́. Ọmọ tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí gígé, ó ń parí sórí bọ́tìnnì àti áyọ́ọ̀nù. Ọmọ iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì àti áyọ́ọ̀nù, ó ń parí sórí gígé. Fìlà ọmọdé àti ṣòkòtò abẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún un, kó tó kan ṣòkòtò àgbà, kó tó wá kan kóòtù tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ètò yìí. Bí ọmọ bá ran bọ́tìnnì wọ́, wọ́n lè tú u láìsí àdánù. Bó bá gé àǹkárá oníbàárà wọ́, kò sí àtúnṣe. Láfikún, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ti rí bí aṣọ tó pé ṣe rí, nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gbé sáàsì lé e lọ́wọ́, ó mọ ohun tí gbogbo ibi tó ń gé yóò dà. Láti ara irú àkíyèsí yìí ni Lave àti Etienne Wenger ti kọ ìwé kan ní 1991 tó fi yé àwọn ọmọ yunifásítì káàkiri ayé pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí a ń dà sí orí ènìyàn nínú kíláàsì nìkan. Ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ bó ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn tó mọṣẹ́, láti etí títí dé àárín.

Kí ni alábòójútó lè mú níbẹ̀? Kó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: nínú iṣẹ́ tí ẹ̀ka mi ń ṣe, èwo ni bọ́tìnnì, èwo ni gígé? Ní ọ́fíìsì ìṣirò owó, fífi rìsíìtì wé àkọsílẹ̀ tó ti parí jẹ́ bọ́tìnnì. Ṣíṣe ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ jẹ́ gígé. Ọ̀pọ̀ máníjà ló ń ṣe òdìkejì. Wọ́n á ju òṣìṣẹ́ tuntun sí ìdí iṣẹ́ tó léwu jù lọ nítorí pé ibẹ̀ ni ààyè ṣófo, tàbí kí wọ́n fi í sídìí bọ́tìnnì fún ọdún márùn-ún.

Ní ọjà Àlàbà International ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n, fìríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti oríṣiríṣi ohun èlò iná mànàmáná, ètò mìíràn wà tí àwọn oníṣòwò Ìgbò gbé wá láti ìlà-oòrùn. Ọmọ á máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà mìíràn ó lè tó márùn-ún tàbí méje. Kì í gba owó oṣù. Ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, ọ̀gá ló ń gbà á sílé. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ojúlówó ọjà mọ̀, bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, bí wọ́n ṣe ń ra ọjà àwìn láìba orúkọ jẹ́. Nígbà tí àkókò bá pé, ọ̀gá á fún un ní owó tàbí ọjà láti fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní sẹ́túùlù. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé Ìgbò ti pàdánù ohun ìní wọn, ètò yìí wà lára ohun tó gbé wọn dìde. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń fi owó rẹ̀ sọ ọmọ iṣẹ́ di ẹlẹgbẹ́, ó tilẹ̀ lè di ẹni tí yóò máa bá a du oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ mú ní ṣọ́ọ̀bù

N kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló dára. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé ọdún kìíní àti ìkejì wọn ni wọ́n fi fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, tí wọ́n fi pọn omi, tí wọ́n fi gbé ọmọ. Àwọn ọ̀gá wà tó ń fi ẹgba kọ́ni. Àwọn kan wà tó máa ń rán ọmọ níṣẹ́ jáde nígbà tí iṣẹ́ bá dé ibi tó ṣe kókó, kí ó má baà rí i. Bí ọmọ náà bá fi máa dé, ẹ́ńjìnnì ti jí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà gbà kí òbí fi ọmọ tó ti ju ọdún 12 lọ, tí kò tí ì pé 16, sí ẹnu ìkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tún wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007.

Fífi iṣẹ́ pamọ́ ló tún wọ́pọ̀ jù ní ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wù mìíràn ló wọ̀ níbẹ̀. Òun ni ti ọ̀gá tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí fáìlì wà, òun nìkan ló mọ nọ́ńbà ẹni tó ń ta ọjà fún wọn, òun nìkan ló lè kọ lẹ́tà tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò gbà. Bí o bá bi í, yóò ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé bí òun bá kọ́ ẹlòmíràn tán, wọn ò ní nílò òun mọ́, tàbí pé ẹni náà á kó ìmọ̀ lọ síbi tí owó ti pọ̀ jù.

Òótọ́ ni pé ó lè lọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ náà lè lọ. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní etí títì Badagry ní Ọ̀jọ́. Ìjàpá ni àwọn ènìyàn ń pe ọkọ̀ kékeré tó ń jáde níbẹ̀. Ìgbà náà ti kọjá, àmọ́ Volks ni kọ́ndọ́kítọ̀ ṣì ń pe ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè kógbá sílé, máníjà lè fẹ̀yìntì, ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ́ á bá a délé. Ọ̀gá tó bá fi ìmọ̀ pamọ́ nítorí kí òṣìṣẹ́ má baà lọ, òṣìṣẹ́ tí kò mọ nǹkan ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń fi iṣẹ́ hàn

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ tó ṣiṣẹ́ láti 1940 sí 1945, Training Within Industry, láti kọ́ àwọn fọ́mánì bí wọn yóò ṣe máa kọ́ni kíákíá. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ wọn: múra ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, fi iṣẹ́ hàn án, jẹ́ kó dán an wò, padà wá wò ó. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbé e lọ sí Japan, Toyota sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dì í mú jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sí ilé ìtajà oògùn kan ní ọ̀nà Ìbà. Apòògùn tó ni ilé ìtajà náà gba ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ọ lónìí ni bí wọ́n ṣe ń gba ọjà tuntun wọlé. Ó kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ti mọ̀: "O ti bá màmá rẹ ra oògùn rí? Kí lo máa ń wò lára páálí rẹ̀?" Ọmọ náà ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ni. Ibẹ̀ ni apòògùn ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé páálí kan, ó ń ṣe é, ó sì ń sọ ohun tó ń rò síta: "Mo ń wo nọ́ńbà NAFDAC. Mo ń wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ti àná tó wà lórí pẹpẹ yìí, oṣù Kẹfà ni; tuntun yìí, oṣù Kejìlá. Nítorí náà, ti oṣù Kẹfà ni mo gbé síwájú, kó lè kọ́kọ́ tà." Sísọ èrò síta yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọwọ́ nìkan ni ẹni tó ń woni ń rí. Kò rí ìdí tí ọwọ́ náà fi yà sọ́tùn-ún dípò òsì, àfi bí a bá sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ọ̀gá á béèrè pé: "Ṣé ó yé ẹ?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yìí ní nílẹ̀ Yorùbá: "Ó yé mi, mà." Ọmọ tó tọ́ kò ní wo ojú àgbà kó sọ pé kò yé òun, pàápàá nígbà tí àgbà náà ti ṣe wàhálà láti ṣàlàyé. Bó bá sọ ọ́, á dà bíi pé ó ń sọ pé ẹni náà kò mọ̀ ọ́n kọ́. Nítorí náà, kí olùtọ́sọ́nà fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ pátápátá. Kó gbé páálí mìíràn fún un, kó ní: "Ìwọ náà ṣe tìrẹ, máa sọ fún mi bí o ṣe ń ṣe é." Bí ọmọ náà bá gbé tuntun síwájú, apòògùn á béèrè pé, "Kí ló mú ọ gbé e síbẹ̀?" Ó lè jẹ́ pé ó rò pé èyí tó mọ́ jù ni oníbàárà fẹ́ rí. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìgbà tí apòògùn bá gbọ́ ọ ni yóò tó mọ ibi tí àlàyé òun kù sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni a máa ń gbàgbé. Apòògùn gbọ́dọ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀ kó ṣe é láìsí ojú òun, kó sì padà wá wò ó lọ́la, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti lóṣù tó ń bọ̀, kí àlàfo àbẹ̀wò máa gùn sí i. Bí ó bá dúró tì í lójoojúmọ́, ọmọ náà kò ní gbé ìpinnu kankan.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n Ègùn, Ìgbò, Hausa àti àwọn ará Benin Republic ló kún ibẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ kò yàtọ̀. Bí ìlànà iṣẹ́ bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì lára ògiri, kí alábòójútó ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí òṣìṣẹ́ fi ń ronú, ì báà jẹ́ Pijin.

Nígbà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀

Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, kí apòògùn wa wá rí oògùn tó ti bàjẹ́ lórí pẹpẹ, ìbéèrè méjì ló lè ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó lè ní, "Ta ló ṣe eléyìí?" Ó sì lè ní, "Báwo ló ṣe débẹ̀?" Ìbéèrè kìíní á mú kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, lọ́jọ́ mìíràn ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ á jù ú sẹ́yìn ilé kí ọ̀gá tó dé. Ìbéèrè kejì lè mú un jáde pé iná tó wà ní igun yẹn ti jó, wọn kì í rí ọjọ́ ara páálí dáadáa lálẹ́.

Amy Edmondson ti Yunifásítì Harvard rí èyí láìròtẹ́lẹ̀ nínú ìwádìí kan tó tẹ̀ jáde ní 1996. Ó ń wo àwọn wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ó rò pé níbi tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti dára, àṣìṣe oògùn á kéré. Àkọsílẹ̀ fi òdìkejì hàn: ibi tí ìṣọ̀kan àti ìdarí ti dára jù ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe ti pọ̀ jù. Nígbà tó wá a dé ìdí, ó rí i pé àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń sọ àṣìṣe wọn jáde, ní àwọn wọ́ọ̀dù tí ọ̀gá ti le, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1999, ó fi ìwádìí mìíràn hàn ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọkàn wọn balẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gidigidi, nítorí ọ̀wọ̀ tí a ní fún àgbà. Ọ̀wọ̀ kò ní kí a má kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn baba wa náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà ló gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, nítorí ọmọdé kò lè ṣí i. Kí ọ̀gá sọ níwájú gbogbo wọn ohun tí òun kò mọ̀. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ìròyìn búburú wá kó tó sọ ohun mìíràn. Kó tún jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, torí pé bí ọ̀gá bá ti sọ èrò tirẹ̀ tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tún sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ.

Ọmọ IT

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí ni yóò sì ti lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́, tàbí kí ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ. Ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀ ní 1971. Ní 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 ó kéré tán, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà, gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọdọọdún fún àjọ náà, ó sì lè gba apá kan padà bó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun.

Owó wà, òfin wà. Síbẹ̀ ọmọ IT púpọ̀ ló ń padà sí kíláàsì tó jẹ́ pé fọ́tókọ́pì ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù, àti bí wọ́n ṣe ń ra oúnjẹ ọ̀sán wá fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀ tí alábòójútó gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjọ́ kan ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, nígbà tí oṣù bá parí. Ohun tó ń ba ni nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé ìwé yẹn ni ohun èlò tó dára jù tí olùtọ́sọ́nà lè ní. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ Ẹtì tó: akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó ṣe àti ohun tí kò yé e, alábòójútó kà á níwájú rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè kan, ó kọ ohun kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dán wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ.

Níbi tí àṣẹ ti le

Àwọn kan á ní gbogbo èyí dára fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìtajà, pé níbi tí ipò ti le bíi ti Navy Town, ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi, àṣẹ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, jogún ètò kan láti ọ̀dọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n ń pín àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi sí ìsọ̀rí, ọ̀gá kan á sì wà fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan tó gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúṣe rẹ̀ kò mọ sórí pípa àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀kọ́ tó kù tí ẹnì kan yóò ṣe kó tó lè gbéga, kó sì mọ̀ bí wàhálà bá wà nílé rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ń fi àṣẹ jagun bá lè sọ ọ́ di ojúṣe ọ̀gá láti mọ ẹ̀kọ́ tó kù fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ni àwáwí ọ́fíìsì ìpèsè omi tàbí ti ilé ìfowópamọ́?

Ìpínyà

Kram sọ pé àjọṣe olùtọ́sọ́nà àti ọmọ iṣẹ́ ń gba ìpele mẹ́rin kọjá: ìbẹ̀rẹ̀, ìdàgbà, ìpínyà, àti ìgbà tí wọ́n tún padà rí ara wọn bí ẹlẹgbẹ́. Ìpínyà ló máa ń nira jù. Ọmọ iṣẹ́ ń fẹ́ dá dúró, ọ̀gá ń rò pé ó ń yájú. Ayẹyẹ frídọ̀mù ti yanjú èyí fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tipẹ́tipẹ́: ọjọ́ wà fún un, ẹlẹ́rìí wà, ìwé ẹ̀rí wà, ọ̀gá á gbé sáàsì lé ọmọ lọ́wọ́, á gbàdúrà fún un, láti ọjọ́ náà lọ, ẹgbẹ́ ni wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ bí ọmọ náà tilẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí i.

Mo gbà gidigidi pé ó yẹ kí ilé iṣẹ́ ìgbàlódé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan bá ti lè dá ṣàkóso wọ́ọ̀dù lóru, tàbí tí akọ̀wé kan bá ti lè dá kọ ìròyìn ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò ní tún un ṣe, kí alábòójútó pe àwọn yòókù jọ, kó dárúkọ iṣẹ́ náà gan-an, kó sì sọ pé láti òní lọ, ọwọ́ ẹni yìí ló wà, òun kò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Lẹ́yìn èyí, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un lóòótọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò rẹ. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí o sì bi í ní iṣẹ́ tí ọmọ tuntun kọ́kọ́ ń ṣe àti èyí tó ń ṣe kẹ́yìn. Kọ wọ́n sílẹ̀ ní ìtòtẹ̀léra, kí o ṣàlàyé ìdí tí ìtòtẹ̀léra náà fi rí bẹ́ẹ̀.

2. Yan iṣẹ́ kan tí o mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó wà nínú orí yìí kọ́ ẹnì kan, láìbéèrè lẹ́ẹ̀kan pé "Ṣé ó yé ẹ?" Kọ àwọn ìbéèrè tí o lò dípò rẹ̀.

3. "Kò bójú mu kí alábòójútó tún jẹ́ olùtọ́sọ́nà fún ẹni kan náà." Ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ, kí ẹnì kan gbè é lẹ́yìn, kí ẹnì kejì takò ó.

4. Bí o bá ti ṣe IT, mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ jáde. Yan ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kí o kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ìwọ ì bá bi akẹ́kọ̀ọ́ náà ká ní ìwọ ni alábòójútó tó ń fọwọ́ sí i.